Àjọkẹ́, má tíì fọwọ́ síwèé yẹn

Àjọkẹ́ mi,

Ṣé dáadáa lo wà, ṣé o ti jẹun? Mo gbọ́ vóìsì nóòtù tó o fi ránṣẹ́ lálẹ́ àná, ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo gbọ́ ọ, ẹ̀kan nígbà tí iná ṣì wà, ẹ̀ẹ̀mejì tó kù inú òkùnkùn ni mo ti gbọ́ ọ, bàbá ẹ ti sùn lọ fọnfọn. Mi ò pè ẹ́ padà torí mo mọ ara mi, tí mo bá gbé fóònù báyìí ẹkún ló máa gbà mí, ìwọ náà á bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún, a ò sì ní sọ nǹkan kan tó ní láárí títí káàdì á fi tán. Ìdí tí mo fi jókòó tẹ èyí nìyẹn. Ó máa gùn o. Má fò ó.

O ní àwọn ilé-iṣẹ́ orin yẹn ní ohùn ẹ nìkan làwọn fẹ́, pé kí àwọn ọmọkùnrin mẹ́ta tó ń bá ẹ ṣeré máa lọ sílé wọn, àwọn ti ní ẹni tó máa ṣe bíìtì fún ẹ lórí kọ̀ǹpútà. O wá ní ẹ̀rù ń bà ẹ́ láti sọ pé rárá torí èmi ìyá ẹ ni mo sọ lọ́sẹ̀ tó kọjá pé fọwọ́ sí i jàre, ta ló ń dúró de èèyàn. Òótọ́ ni, mo sọ bẹ́ẹ̀. Owó ilé ẹ tó ku díẹ̀ kó pé ló kún ojú mi, mi ò rí nǹkan míì. Mo ti kó ọ̀rọ̀ yẹn jẹ. Kí lo fẹ́ kí n ṣe, àgbà náà máa ń ṣì í sọ.

Nǹkan tó ṣẹlẹ̀ ni pé ní Sátidé mo ń kàn bọ́tìnì mọ́ aṣọ oníbàárà kan, rédíò ń sọ̀rọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, wọ́n kàn ṣàdédé gbé orin Ṣadé sí i, Your Love Is King, ni abẹ́rẹ́ bá gún mi lọ́wọ́. 1985 ni mo kọ́kọ́ gbọ́ orin yẹn, mo wà lẹ́nu iṣẹ́ ní Mọ́kọ́lá nígbà yẹn, ọ̀gá wa ní rédíò oníkásẹ́ẹ̀tì kan, kásẹ́ẹ̀tì Ṣadé yẹn nìkan ló ní tí kì í ṣe orin ìjọ, tí téèpù ẹ̀ bá ti lọ́ jáde bírò la fi ń yí i padà sínú, èmi ni wọ́n máa ń pè sí i torí ọwọ́ mi kéré. Gbogbo wa la fẹ́ dà bíi Ṣadé. Ká fi jẹ́ẹ̀lì fa irun lọ sẹ́yìn pátápátá, ká fi yẹtí róbótó ńlá sétí, ká kun ètè pupa fòò. Èmi náà ṣe é lọ́jọ́ Àìkú kan, màmá mi bi mí pé ṣé eégún ni mo fẹ́ bá jáde.

Ìwọ mọ̀ ọ́n ní orin inú mọ́tò bàbá ẹ. Ṣùgbọ́n jẹ́ n bi ẹ́, ṣé o mọ̀ pé Sade kì í ṣe orúkọ obìnrin yẹn nìkan? Orúkọ ẹgbẹ́ ni. Èèyàn mẹ́rin ni wọ́n, òun àti ọkùnrin mẹ́ta. Èmi náà ò mọ̀ nígbà yẹn, àwòrán ẹ̀ nìkan ló wà lára páálí kásẹ́ẹ̀tì, ojú ẹ̀ la rí, ìgbà tí mo ti dàgbà dáadáa ni mo tó mọ̀. Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ bá ẹ sọ gan-an nìyẹn, àmọ́ jẹ́ kí n sọ ti ọmọ náà fún ẹ díẹ̀ ná.

Ìbàdàn ńbí ni wọ́n ti bí i o, ọjọ́ 16 oṣù kìíní ọdún 1959. Helen Fọláṣadé Àdú. Bàbá ẹ̀ ọmọ Ekìtì, tíṣà yunifásítì tó ń kọ́ wọn ní ọrọ̀-ajé, ìyá ẹ̀ òyìnbó, nọ́ọ̀sì. Ìgbà tí ìgbéyàwó yẹn ò rọgbọ mọ́, ìyá kó òun àti ẹ̀gbọ́n ẹ̀ ọkùnrin padà sí Essex, ọmọ ọdún mẹ́rin ni, wọ́n lọ ń gbé lọ́dọ̀ àwọn òbí ìyá nítòsí Colchester. Èmi máa ń ro ti ìyá yẹn ju ti ọmọ lọ, kò lè yé ìwọ: obìnrin òyìnbó, ọmọ dúdú méjì lọ́wọ́ ẹ̀, ó padà sílé bàbá ẹ̀ ní ìgbèríko láyé ìgbà yẹn. Ojú ẹ̀ á ti rí nǹkan. Ó ṣáà fi orúkọ Yorùbá yẹn sílẹ̀ lára ọmọ, orúkọ yẹn náà ni gbogbo ayé wá ń pè.

Èyí tó dùn mọ́ mi jù ni pé aṣọ ló kọ́, kì í ṣe orin. Saint Martin's ní Lọ́ńdọ̀nù ló lọ, ó kọ́ bí wọ́n ṣe ń ya sítáìlì àti bí wọ́n ṣe ń gé aṣọ, òun àti ọ̀rẹ́ ẹ̀ kan wá ń rán aṣọ ọkùnrin tà. Aránṣọ bíi tèmi! Àwọn ọ̀rẹ́ ẹ̀ tí wọ́n ní ẹgbẹ́ orin ló wá bá a pé kó wá ran àwọn lọ́wọ́ níbi orin. Ó wá bọ́ sínú ẹgbẹ́ ńlá kan tó ń jẹ́ Pride, ó ń gbè lẹ́yìn wọn, òun fúnra ẹ̀ sọ pé gbígbọ̀n lòun ń gbọ̀n tóun bá ti gun orí ìtàgé. Ìwọ tó o ní ọwọ́ ẹ ń tutù kó o tó jáde síta, ṣó o ti gbọ́ báyìí.

Inú Pride yẹn ló ti pàdé Stuart Matthewman tó ń fọn sáàsì, fèrè saxophone yẹn, tó tún ń ta gìtá, àti Paul Denman tó ń ta bẹ́ẹ̀sì. Tí ẹgbẹ́ ńlá bá ń ṣeré, àwọn kéékèèké yìí máa ń bọ́ síwájú láàárín eré, wọ́n á kọ orin jẹ́jẹ́ tiwọn, èèyàn á sì dákẹ́. Ibẹ̀ ni Smooth Operator ti jáde, òun àti ọ̀kan lára àwọn Pride tó ń jẹ́ Ray St. John ló jọ kọ ọ́. Bí àwọn ilé-iṣẹ́ orin ṣe gbọ́ ni wọ́n ya dé. Kí sì ni wọ́n sọ? Nǹkan tí wọ́n sọ fún ẹ náà ni Àjọkẹ́. Pé òun nìkan làwọn fẹ́, kó fi àwọn tó kù sílẹ̀.

Ó ní òun ò ṣe. Ọdún kan ààbọ̀ gbáko ló fi ń sọ pé òun ò ṣe! Kì í sì í ṣe ọmọ olówó o, kò sẹ́ni tó ń fowó ránṣẹ́ sí i láti Ìbàdàn. Ìgbà tó máa wá fọwọ́ síwèé pẹ̀lú ilé-iṣẹ́ orin Epic ní 1983, ó fi Pride sílẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó ní Stuart àti Paul àti Andrew Hale tó ń tẹ kíbọ́ọ̀dù gbọ́dọ̀ bá òun wọlé, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ kí wọ́n máa gbé ìwé wọn lọ. Wọ́n gbà. Ọdún tó tẹ̀ lé e, 1984, ni Diamond Life jáde, ó gba àwọọ́dù Brit fún álíbọ́ọ̀mù tó dáa jù. 1985, òun rèé ní Wembley ní Lọ́ńdọ̀nù níbi Live Aid, eré ńlá tí wọ́n fi kówó jọ fún àwọn tí ìyàn mú ní Ethiopia. Ọdún yẹn kan náà ni Promise jáde tó gba ipò kìíní ní ìlú ọba àti Amẹ́ríkà, 1986 ó gba àwọọ́dù Grammy. Mi ò ní ka gbogbo ẹ̀, o lè lọ wò ó fúnra ẹ.

Kí n má tàn ẹ́ jẹ o, onílù tó bá wọn bẹ̀rẹ̀, Paul Cooke, ò bá wọn dé ibi tí wọ́n dé, 1984 ló kúrò. Ẹgbẹ́ kì í ṣe párádísè. Ìwọ àti àwọn ọmọ yìí náà máa jà, bóyá ẹ ti jà pàápàá ẹ ò sọ fún mi. Ìyẹn yàtọ̀ sí kí àjèjì wá bá ẹ yan ẹni tó máa kúrò.

Wá gbé Your Love Is King sí i báyìí, lo íápíìsì, má lo fóònù lásán. Sáàsì ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀, kì í ṣe ẹnu ẹ̀. Ó ti máa ń fọn díẹ̀ kí obìnrin yẹn tó wọlé, tó bá wá wọlé, ohùn ẹ̀ wà nílẹ̀, kò lọ sókè, kò pariwo, ó dà bí ẹni tó ń bá ẹ sọ̀rọ̀ nínú yàrá tí ọmọ kan ń sùn sí. Tó bá dákẹ́, sáàsì á dá a lóhùn. Gbọ́ No Ordinary Love náà, ti 1992, bẹ́ẹ̀sì Paul Denman yẹn kàn ń rìn bọ̀ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, àyè pọ̀ láàárín, kò sẹ́ni tó ń du ẹnu mọ́ ẹlòmíì lẹ́nu. Tí wọ́n bá mú ohùn ẹ̀ nìkan tí wọ́n lọ kì í sáàárín ìlù àwọn tí kò mọ̀ ọ́n, ó máa ní láti pariwo ni kí wọ́n tó gbọ́ ọ. Ohùn tìẹ náà ò ga, ọmọ mi. Nílé ìjọsìn nígbà tó o wà ní kékeré, wọ́n máa ń ní kó o sún mọ́ maikí. Àwọn ọmọ mẹ́ta yìí ti mọ ibi tó o ti máa ń mí, mo rí i nínú fídíò tẹ́ ẹ ṣe ní ọjọ́ ìbí bàbá ẹ, ìgbà tó o gbàgbé ọ̀rọ̀ orin, èyí tó ń ta bẹ́ẹ̀sì kàn yí i po lẹ́ẹ̀kan sí i títí o fi rántí, kò sí àlejò kankan tó mọ̀. Èmi nìkan ni mo mọ̀ torí mo ń wo ojú ẹ. Kọ̀ǹpútà wo ló máa ṣe ìyẹn fún ẹ?

Èyí tó tún wà ńbẹ̀ ni pé láti 1992 obìnrin yẹn ò gbé álíbọ́ọ̀mù tuntun jáde mọ́ títí di 2000. Ó bímọ láàárín, ó lọ jókòó ti ọmọ ẹ̀. Àwọn mẹ́ta tó kù ò sunkún, wọ́n dá Sweetback sílẹ̀ fún ara wọn ní 1996, wọ́n ń ṣeré tiwọn. Ó pè wọ́n, wọ́n dé, Lovers Rock jáde. Ó tún dákẹ́ ọdún mẹ́wàá! Ó tún pè wọ́n, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta náà tún dé, Soldier of Love, 2010, ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ ní Amẹ́ríkà nìkan wọ́n ta 502,000. Ẹ̀yin ọmọ òde òní, tẹ́ ẹ bá lo oṣù mẹ́ta láìgbé nǹkan sórí TikTok ẹ̀rù á ti máa bà yín pé wọ́n ti gbàgbé yín.

Ó wá ku èyí tí mi ò sọ fún ẹ rí. Bàbá ẹ mọ̀ díẹ̀ níbẹ̀.

Àwa mẹ́ta la jọ ṣe fírídọ̀ọ̀mù ní 1988. Ọ̀kan pupa, ó mọ aṣọ í gé, tó bá ti wo èèyàn lókè délẹ̀ ó ti mọ ìwọ̀n ẹ̀ kó tó mú téèpù. Èkejì, iṣẹ́ ọwọ́ ni tiẹ̀, ihò bọ́tìnì, etí aṣọ, abẹ́rẹ́ ẹ̀ ò hàn síta. Èmi ni mo ń jókòó ti máṣíìnì, mò ń so ó pọ̀. A gba ṣọ́ọ̀bù kékeré kan, a ń ṣe dáadáa. Ni mádáàmù kan láti Èkó bá rí bùbá kan tá a rán, ó ní òun fẹ́ràn ìlà ìránṣọ mi, pé kí n máa bọ̀ ní ṣọ́ọ̀bù òun ní Èkó, pé òun ò nílò àwọn tó kù. Mo lọ. Mi ò tiẹ̀ dúró kí ilẹ̀ mọ́ dáadáa. Èyí tó pupa fún mi ní sísọ́ọ̀sì ẹ̀, ó ní kí n fi máa rántí àwọn, mo sì gbà á!

Kò ju oṣù mélòó kan lọ tí mádáàmù fi gbé lésì ìyá ìyàwó kan fún mi pé kí n gé e. Ojú tì mí láti sọ pé èmi kì í gé. Mo gé apá méjèèjì fún ọwọ́ òsì. Mo rántí bí mo ṣe tẹ́ méjèèjì sórí tábìlì tí mò ń yí wọn lọ yí wọn bọ̀, bóyá ọ̀kan á dọ̀tún. Ó yọ owó lésì yẹn nínú owó mi títí mi ò fi rí owó ọkọ̀ tí mo lè fi wá sílé ọdún. Ìgbà tí mo máa padà sí Ìbàdàn, wọ́n ti gbé ṣọ́ọ̀bù fún onígáàrí. Èyí tó mọ iṣẹ́ ọwọ́ ti lọ Ìlọrin, a máa ń kíra lórí WhatsApp nígbà ọdún. Èyí tó pupa, mi ò tíì rí i títí di òní. Sísọ́ọ̀sì yẹn ló wà nínú dúrọ́ọ̀ mi, èyí tí mo máa ń pariwo mọ́ yín lórí ẹ̀ tẹ́ ẹ bá fi gé bébà.

Torí náà, ohun tí mo fẹ́ kó o ṣe rèé. Má fọwọ́ sí nǹkan kan lọ́sẹ̀ yìí. Sọ fún wọn pé ẹ jẹ́ mẹ́rin, kó o sì sọ ọ́ pẹ̀lú ọ̀wọ̀, má bú ẹnikẹ́ni. Tí wọ́n bá ní kò ṣeé ṣe, ní kí ẹ ṣe ti orin kan ṣoṣo ná, kẹ́ ẹ wo ara yín. Fún lọ́yà ní ìwé yẹn kó kà á dé ìsàlẹ̀, kó wo ẹni tó máa ni másítà, ìyẹn orin gan-an tẹ́ ẹ bá gbà sílẹ̀, kó wo iye ọdún, àwọn ibi tí lẹ́tà ti kéré yẹn gan-an ni kó kà. Kó o sì kọ orúkọ àwọn ọmọ yẹn sílẹ̀ lórí orin tí wọ́n bá ẹ kọ, iye tó kan kálukú, kẹ́ ẹ kọ ọ́ nísinsìnyí tí kò tíì sówó, torí tówó bá dé kò ní ṣeé kọ mọ́.

Mo gbọ́ pé Ṣadé tún gbé orin kan jáde ní 2024, ọmọ ẹ̀ ló kọ ọ́ fún, ó ń bẹ ọmọ náà pé kó foríji òun. Obìnrin tó ti lé lọ́gọ́ta ọdún. Èmi ò mọ orin kọ, ìdí tí mo fi tẹ gbogbo èyí nìyẹn, má bínú sí mi lórí ọ̀rọ̀ ọ̀sẹ̀ tó kọjá.

Ti owó ilé, èsúsú mi kàn mí lóṣù tó ń bọ̀, ìdajì ẹ̀ ń bọ̀ lọ́dọ̀ ẹ, mo ti sọ fún bàbá ẹ, kò jiyàn. Bá mi kí àwọn ọmọ yẹn, pàápàá oníbẹ́ẹ̀sì, sọ fún un pé ẹ̀wù tí mo wọn fún un ti wà nílẹ̀, apá ẹ̀ pé, ọ̀tún kan òsì kan. Iná ti dé, jẹ́ kí n tètè lọ aṣọ oníbàárà kí wọ́n tó tún mú un.

Ìyá ẹ