Rísíkátù, ọkọ rẹ ni kí o bi

Ẹ̀pẹ́,
Ọjọ́ Àìkú, lẹ́yìn ìrun Alaásárì.

Rísíkátù ọmọ mi,

Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni mo pè ọ́ lánàá, o ò gbé e. Nígbà tí mo pè lẹ́ẹ̀karùn-ún, Habíbù ló gbé e, ó ní màmá òun wà ní báluwẹ̀. Mo tún pè lẹ́yìn wákàtí méjì, o ṣì wà ní báluwẹ̀. Ìyẹn ni mo ṣe jókòó kọ ìwé.

Dẹ́rẹ́bà tó ń bá wa kó ẹja láti Olúwo gba Ìtóìkín lọ sí Ìkòròdú ló gbé ọ̀rọ̀ dé. Ó ní wọ́n ní ẹ ti dá oògùn jẹjẹrẹ kíndìnrín ọkọ rẹ dúró, àgbo inú gálọ́ọ̀nù lẹ ń fún un. Ó tún ní o ń wá ẹni tó máa ra ilẹ̀ Ìmọ́tà kí ẹ lè gbé e lọ sí Íńdíà. Mi ò mọ èyí tó jóòótọ́ níbẹ̀. Ẹni tó gbà pé àgbo ti tó kì í tún wá owó Íńdíà. Àmọ́ mo mọ ohun tí ẹ̀rù ń fi ojú èèyàn rí, mi ò bá ọ wí.

Ohun kan ló gbé mi dìde lórí ẹní lóru. Ṣé o ti bi í? Ọkọ rẹ ni mo ń wí. Ṣé o ti bi òun fúnra rẹ̀ ohun tó fẹ́?

Rántí ọjọ́ tí a jọ lọ rí dókítà. Ìwé kékeré mi wà lọ́wọ́ mi, bí mo ṣe máa ń mú un lọ sí ìpàdé nígbà tí mo ṣì ń ṣiṣẹ́ tíṣà, gbogbo ohun tó sọ ni mo kọ. Ó ní jẹjẹrẹ náà ti kọjá kíndìnrín, ó ti dé ẹ̀dọ̀fóró àti eegun ìbàdí. Ó ní òun ò lè ṣèlérí pé yóò lọ pátápátá, ṣùgbọ́n a lè dá a dúró fún ìgbà díẹ̀, a sì lè dín ìrora kù. Oògùn jẹjẹrẹ tí gbogbo ayé mọ̀, èyí tó ń mú irun orí re, kì í fi bẹ́ẹ̀ ran ti kíndìnrín. Omi oògùn méjì ló wù ú jù, nivolumab àti ipilimumab. Wọ́n máa fà wọ́n sí i lára pa pọ̀ lẹ́ẹ̀mẹrin, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta-mẹ́ta, lẹ́yìn náà nivolumab á máa dá lọ. Wọ́n á jí àwọn ọmọ ogun tó ń ṣọ́ ara kí wọ́n lè dojú kọ àìsàn náà. Owó wọn ló ń dẹ́rù bani. Èyí tí apá wa ká ni kóró pazopanib tó ti ń lò, mílígíráàmù 800 lójúmọ́, wákàtí kan ṣáájú oúnjẹ tàbí wákàtí méjì lẹ́yìn rẹ̀. O ní kí wọ́n yọ kíndìnrín náà kí ọkàn rẹ lè balẹ̀. Ó ṣàlàyé fún ọ pé wọ́n ti ṣe ìwádìí lórí èèyàn 450 tí tiwọn ti tàn káàkiri, àwọn ará Faransé ló ṣíwájú rẹ̀, ó sì jáde ní 2018. Àwọn tó lo oògùn sunitinib, tó fara jọ kóró tí ọkọ rẹ ń lò, láìṣe iṣẹ́ abẹ ò tètè kú ju àwọn tí wọ́n kọ́kọ́ yọ kíndìnrín wọn lọ.

Ó wá kọjú sí ọkọ rẹ. "Bàbá, ẹ̀yin ńkọ́, kí lẹ fẹ́?"

Bàbá Habíbù gbé fìlà rẹ̀ lé orúnkún, ó ń yí i. Ó lanu. Ìwọ lo dáhùn. O ní, "Dókítà, ohunkóhun tó bá gbà la máa fún un." Ìfẹ́ ló sọ ọ́, mo mọ̀. Àmọ́ ẹnu tó là yẹn, ó pa á dé. Mo rí i kedere. Èmi náà ò sì sọ nǹkan kan, torí àna ni mí.

Ní ti àgbo, mo mọ ẹni tó gbé e wá, o ò sì fẹ́ kí ìyá ọkọ rẹ rò pé o ò fẹ́ kí ọmọ òun yè. Èmi náà ń mu àgbo ibà, mi ò bú àgbo. Ṣùgbọ́n kóró yẹn lè ba ẹ̀dọ̀ jẹ́, ìdí tí wọ́n fi ń gba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò nìyẹn. Ẹ wá ń da egbò igi tí a ò mọ orúkọ rẹ̀ lé e lórí! Rísí, ṣé orí rẹ pé? Sọ fún ìyá ọkọ rẹ pé èmi ni mo ní kí ẹ gbé gálọ́ọ̀nù náà jù sẹ́yìn. Kó bínú sí mi. Kí o sì sọ fún dókítà pé ó ti mu ún, má fi pamọ́. Tó bá ń ya ìgbẹ́ gbuuru, ọsibítù ni kí o pè, má lọ ra nǹkan ní kẹ́mísì. Irun rẹ̀ lè funfun, oògùn náà ló ń ṣe bẹ́ẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má sọ pé ayé ni.

Ewúrẹ́ bí méjì. Òrùlé ìdáná tún ti ń jò. Múdà ò tíì fi owó páànù ránṣẹ́, kò sì pè mí.

Ilẹ̀ Ìmọ́tà yẹn, ọkọ rẹ ló rà á kó tó fẹ́ ọ. Ṣé o ti bi í kó tó di pé o ń fi han oníbàárà? Tó bá sì jẹ́ torí ìrora ìbàdí lẹ ṣe ń pariwo Íńdíà, ẹ̀rọ ìtànṣán tí wọ́n fi ń tọ́jú jẹjẹrẹ wà ní NSIA-LUTH, ilé ìtọ́jú jẹjẹrẹ tó wà ní ọsibítù LUTH, ní Ìdí-Àràbà, l'Ékòó níbí, láti 2019 ni wọ́n ti ṣí i. Ẹ kọ́kọ́ bèèrè níbẹ̀ ná.

Mi ò tíì sọ èyí fún ẹnikẹ́ni nínú yín. Ẹ mọ̀ pé jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀ ló pa bàbá yín. Àwọn fúnra wọn ò mọ̀. Èmi ni mo bẹ dókítà lẹ́yìn ilẹ̀kùn pé kó má sọ fún wọn, mo ní ibà pọ́njú ni ká máa pè é. Oṣù mẹ́ta gbáko. Lálẹ́ ọjọ́ kan wọ́n ní, "Ìyá Múdà, ṣé mo máa kú ni?" Mo jágbe mọ́ wọn. Mo ní kí wọ́n yé sọ ìsọkúsọ, ṣé wọn ò rí i pé ara wọn ń yá ni. Wọn ò bi mí ní nǹkan kan mọ́ títí wọ́n fi lọ.

O rántí ẹ̀gbọ́n wọn, Bàbá Súlè. Ọdún mẹ́fà ni àwọn méjèèjì ò fi kí ara wọn nítorí ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ojú omi, bẹ́ẹ̀ ojúlé kẹta sí wa ni. Àárọ̀ ọjọ́ kejì tí a sin bàbá yín ló wọlé, ó jókòó sórí ẹní àbúrò rẹ̀, ó ní, "Ẹ ò lè ránṣẹ́ sí mi? Ẹ rò pé mi ò ní í wá ni?" Mi ò rí èsì kankan fún un. Bí bàbá yín bá mọ̀ pé oṣù mẹ́ta ló kù, ṣé wọn ò ní í pè é? Mo máa ń bi ara mi bí mo bá ń yí ẹja lórí ààrò. Títí dìgbà wo ni mo fẹ́ máa bi í?

Lálẹ́ òní, tí àwọn ọmọ bá ti sùn, pa tẹlifíṣọ̀n, jókòó tì í. Má jẹ́ kí ẹbí rẹ̀ kankan wà níbẹ̀. Bi í bóyá omi oògùn yẹn ló fẹ́, àbí kóró, àbí kí wọ́n kọ́kọ́ bá a dá ìrora dúró. Bóyá yóò ní kí ẹ ta ilẹ̀ náà. Bóyá ohun tó fẹ́ ni kó wá wo ọdún Káyókáyó lọ́dọ̀ wa lẹ́yìn Iléyá, ṣé mo mọ̀ ni. Tó bá lanu, má bá a dáhùn. Tó bá dákẹ́, ìwọ náà dákẹ́.

Àjọ mi á bọ́ sí mi lọ́wọ́ lóṣù tó ń bọ̀. Kò tó owó omi oògùn, á ra kóró díẹ̀.

Mo di àrọ̀ gbígbẹ sínú ike, mo fi rán dẹ́rẹ́bà sí yín. Mi ò fi iyọ̀ sí i, torí oògùn yẹn máa ń mú ẹ̀jẹ̀ ru. Àǹtí Sìdí ló ni ike náà, dá a padà. Kí o sì gbé fóònù tí mo bá pè.

Èmi ìyá rẹ.