Lẹ́tà sí Ayọ̀ Dòsùnmú, ẹni kejìdínlógójì

Ayọ̀,

O ò mọ̀ mí. Mi ò tiẹ̀ mọ̀ bóyá Yorùbá tó o gbọ́ ju orúkọ ẹ lọ, àmọ́ lẹ́tà yìí ti ń yọ mí lẹ́nu tipẹ́, láti òru ọjọ́ yẹn ní oṣù keje 2021 tí mo jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì l'Ébùté Mẹ́ta, jẹnẹrétọ̀ ti kú, fóònù ti fẹ́ kú, mo ń wo bí wọ́n ṣe ń pe àwọn ẹgbẹ́ ẹ lọ́kọ̀ọ̀kan ní draft NBA, níbi tí àwọn kílọ́ọ̀bù bọ́ọ̀lù aláfọwọ́jù-sáwọ̀n Amẹ́ríkà ti ń yan ọmọ tuntun, tí wọn ò pè ẹ́. Èèyàn ọgbọ̀n ni wọ́n pè ní ìpele àkọ́kọ́. O ò sí níbẹ̀. Wọ́n bọ́ sí ìkejì, wọ́n ń pè é lọ, ladáànì ti fẹ́ pe ìrun àsùbáà, mo sì ń bú àwọn èèyàn tí mi ò rí rí láyé mi.

Jẹ́ kí n sọ ìdí tó fi dùn mí tó yẹn. Point guard, ẹni tó ń gbé bọ́ọ̀lù wá tó sì ń pín in fún àwọn yòókù, lèmi náà nígbà tí mo wà ní sẹ́kọ́ńdírì. Bọ́ọ̀lù kan ṣoṣo la ní, ring kan ló dáa, èkejì ti tẹ̀ wálẹ̀, kò sí nẹ́ẹ̀tì, tí bọ́ọ̀lù bá wọlé àríyànjiyàn ni. Àwọn tó ga ló máa ń jẹ pọ́ìntì, èmi ni mo máa ń gbé bọ́ọ̀lù wá fún wọn. Mo máa ń sọ fún àbúrò mi pé point guard ni ẹni tí wọ́n ní kó pín ẹran níbi ìnáwó: gbogbo èèyàn ń wò ẹ́ lọ́wọ́, ẹni tí tiẹ̀ kéré máa bú ẹ, ẹni tí tiẹ̀ tóbi ò ní dúpẹ́, ìwọ fúnra ẹ, egungun lo máa bá nínú ìkòkò. Ṣùgbọ́n tí o ò bá sí níbẹ̀, ìjà máa bẹ́.

Wọ́n wá fẹ́ yan àwọn tó máa lọ gbá fún ìpínlẹ̀. Mo lọ, orúkọ mi ò jáde. Kóòṣì tó yan wọ́n ní mo kúrú, àmọ́ kí n padà wá lọ́dún tó ń bọ̀. Ọdún tó ń bọ̀ kẹ̀? Mo délé, mo fún àbúrò mi ní kánfáàsì mi, ó parí síbẹ̀. Mi ò padà lọ.

Ìwọ ń padà ní tìẹ. Nǹkan tí mo fẹ́ bá ẹ sọ gan-an nìyẹn.

O gba kọ́ọ̀pù ìpínlẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì ní Morgan Park, sẹ́kọ́ńdírì ẹ ní Chicago, 2017 àti 2018, ibi tó bá wù ẹ́ lo lè lọ. Àwọn ọmọ Chicago tó bá mọ bọ́ọ̀lù báyẹn kì í dúró sílé, Derrick Rose lọ Memphis, Anthony Davis lọ Kentucky, Jahlil Okafor lọ Duke. Ìwọ mú Illinois, yunifásítì ìpínlẹ̀ yín, tí kò tíì dé NCAA, ìdíje ńlá àwọn yunifásítì Amẹ́ríkà, láti 2013! Ọdún tó o kọ́kọ́ débẹ̀, wọ́n nà yín ní ìgbà 21, ẹ̀yin na àwọn èèyàn ní 12 péré. Lọ́dún kejì, oṣù kìíní 2020, nílé yunifásítì Michigan, 62-62, gbogbo ayé mọ̀ pé ìwọ lo máa ju bọ́ọ̀lù yẹn, ẹni tó ń ṣọ́ ẹ náà mọ̀, o ṣì jù ú, ó wọlé, ó ku ìdajì sẹ́kọ́ńdì. Mo pariwo débi pé ìyálé ilé kejì wá béèrè bóyá olè ni.

Kòrónà wá dé, wọ́n fagi lé ìdíje, o forúkọ sílẹ̀ fún draft. Àwa ní ó ti lọ nìyẹn. Àfi bó ṣe di ìparí oṣù keje tó o ní o ń padà sí ilé ìwé. O ti di ẹrù tán, o tún tú u. Mo bínú sí ẹ o, jàre. Mo ní ọmọ yìí ò gbọ́n, owó ń pè é, ó ní òun ń lọ kíláàsì.

Àmọ́ ọdún kẹta yẹn! Tí wọ́n bá pín in dọ́gba, pọ́ìntì 20.1 ní gémù kọ̀ọ̀kan. Ọjọ́ tí ẹ gbá Wisconsin, o jẹ 21, o mú ríbáùnd 12, o sì pín bọ́ọ̀lù 12 tí àwọn ẹlòmíì fi jẹ, Kofi Cockburn, ará Jàmáíkà tẹ́ ẹ jọ ń gbá yẹn, kàn ń na ọwọ́ sókè ni, ẹran ti dé inú abọ́ ẹ̀. Lẹ́yìn náà imú ẹ ṣẹ́ nílé Michigan State. O ò gbá gémù mẹ́ta, nínú ẹ̀ ni àwọn tìẹ ti lọ na Michigan 76-53 nílé wọn. Àbúrò mi ní, "Ẹ rí i, àǹtí, wọn ò nílò ẹ̀." Mo ní kò yé ẹ ni, ẹni tó ti kọ́ wọn bí wọ́n ṣe ń pín in ló fi wọ́n sílẹ̀ fún ọjọ́ mélòó kan. O padà wá pẹ̀lú ìbòjú lójú bí eégún, ẹ sì gba kọ́ọ̀pù Big Ten, ìdíje ẹgbẹ́ àwọn yunifásítì tí Illinois wà nínú ẹ̀, lọ́wọ́ Ohio State, 91-88, lẹ́yìn àfikún àsìkò.

Ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn ẹ̀, yunifásítì Loyola lé yín jáde ní NCAA, 71-58. Loyola, Chicago kan náà! Màmá àgbà ọlọ́dún 101 yẹn, Sister Jean tó máa ń gbàdúrà fún wọn, jókòó sórí kẹ̀kẹ́ arọ, ó ti gbàdúrà tiẹ̀ kí gémù tó bẹ̀rẹ̀. Kí la fẹ́ bá irú ẹni bẹ́ẹ̀ fà.

Wọ́n fún ẹ ní ẹ̀bùn Bob Cousy, point guard tó dáa jù ní gbogbo yunifásítì, síbẹ̀ èèyàn 37 ló ṣáájú ẹ ní draft. Ọmọ ọdún 21 ti ń dàgbà lójú àwọn tó ń wá ọmọ ọdún 19. Ẹni tó wá pè ẹ́ ni Bulls, kílọ́ọ̀bù Chicago, ìyẹn àwọn ará ilé ẹ. Lọ́dún àkọ́kọ́ o gbá gémù 77, nígbà tí orúnkún Lonzo Ball, point guard wọn, bàjẹ́ ìwọ ni wọ́n ń fi bẹ̀rẹ̀. Champaign, níbi tí yunifásítì ẹ wà, ti gbé nọ́ńbà 11 ẹ kọ́ sókè ilé, àmọ́ ní Bulls nígbà yẹn DeMar DeRozan ló ni 11, o mú 12, o ò bá ẹnikẹ́ni jà.

Àwọn tó ń sọ gémù lórí tẹlifíṣọ̀n ṣì ń pa orúkọ ẹ lára o, àmọ́ má dá wọn lóhùn, nínú ìwé tí àwọn òyìnbó fi gba Èkó lọ́wọ́ ọba tó ń jẹ́ orúkọ yẹn lọ́dún 1861, Docemo ni wọ́n kọ.

Sátidé tó kọjá mo lọ sí kóòtù wa àtijọ́. Ring tó tẹ̀ yẹn ṣì tẹ̀. Àwọn ọmọbìnrin kan ń gbá, mo ní kí wọ́n fún mi ní bọ́ọ̀lù, mo ju mẹ́wàá, méjì wọlé, ìkejì gan-an bóòdù ló gbà á fún mi. Ọmọ kan ní, "Mọ́mì, ẹ rọra." Orúnkún mi ṣì ń dùn mí bí mo ṣe ń kọ èyí. Wọ́n ní aago mẹ́rin ni àwọn máa ń bẹ̀rẹ̀.

Èmi ni,
Àǹtí ẹ l'Ébùté Mẹ́ta