Eré Kẹ̀kẹ́ Orí Òkè Yàtọ̀ sí ti Ilẹ̀ Pẹrẹsẹ

Adó-Èkìtì.

Káyọ̀dé, ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Mo kí ọ, mo kí ìyàwó rẹ àti àwọn ọmọ. Ara gbogbo wa le níbí. Mo ka ohun tí o kọ nípa ọmọ ẹ̀gbọ́n mi tó fẹ́ di eléré ìje kẹ̀kẹ́. O ní kìlómítà 24 péré ló ń sá ní wákàtí kan, bẹ́ẹ̀ àwọn àgbàlagbà tí ẹ jọ ń gun kẹ̀kẹ́ ní Utrecht, ní ilẹ̀ Netherlands, ń sá 33, nítorí náà kí ó lọ wá iṣẹ́ mìíràn kọ́. N kò fara mọ́ ìdájọ́ yìí rárá, mo sì fẹ́ kí o gbọ́ ìdí rẹ̀.

Ọ̀nà tí ọmọ náà ń gùn ni èyí tó ti Arámọkọ lọ sí Ẹ̀fọ̀n-Aláayè, ìwọ náà sì mọ bí mọ́tò ṣe máa ń kérora níbẹ̀. Jẹ́ kí a ṣe ìṣirò díẹ̀. Bí ènìyàn bá gun òkè fún kìlómítà 10 pẹ̀lú eré 15 ní wákàtí, tó sì gba ọ̀nà kan náà sọ̀ kalẹ̀ pẹ̀lú eré 60, ìwọ yóò rò pé àròpín rẹ̀ yóò lé ní 37. Ṣùgbọ́n òkè yóò gba ìṣẹ́jú 40 lọ́wọ́ rẹ̀, ìsọ̀kalẹ̀ yóò gba 10 péré, kìlómítà 20 ní ìṣẹ́jú 50 sì ni eré 24 tí o ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ yẹn. Òkè máa ń jẹ àkókò ju èyí tí ìsọ̀kalẹ̀ lè dá padà lọ.

Ní ọ̀dọ̀ yín, ilẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ, afẹ́fẹ́ nìkan ni ẹ ń bá jà. Bí eré bá di ìlọ́po méjì, agbára tí afẹ́fẹ́ ń béèrè yóò fẹ́rẹ̀ẹ́ di ìlọ́po mẹ́jọ, èyí ló fi jẹ́ pé ẹni tó fara pamọ́ sẹ́yìn ẹlòmíràn lè dín iṣẹ́ rẹ̀ kù ní nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta. Ẹ̀yin sì rèé, ẹ máa ń tò lọ lẹ́yìn ara yín ni! Ọmọ tiwa, òun nìkan ló ń lọ.

Kódà láàárín àwọn ọ̀gá, kò sí òṣùwọ̀n kan tó tó. Wo Ìdíje Àgbáyé eré kẹ̀kẹ́ tó wáyé ní Kigali, ní ilẹ̀ Rwanda, ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2025, ìgbà àkọ́kọ́ tí wọn yóò gbé e wá sí Áfíríkà. Nínú eré àdáṣe, níbi tí olúkúlùkù ti ń dá bá aago sá, Remco Evenepoel ọmọ Bẹ́ljíọ̀mù bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn Tadej Pogačar ọmọ Slovenia, ó lé e bá lójú ọ̀nà, ó sì kọjá rẹ̀. Ipò kẹrin ni Pogačar ṣe. Ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn náà, nínú eré àjọṣe, níbi tí gbogbo wọn ti jọ gbéra, tó jẹ́ kìlómítà 267 àti ààbọ̀, Pogačar sá jáde kúrò láàárín àwọn yòókù nígbà tí ọ̀nà ṣì ku ohun tó lé ní 100 kìlómítà, ó sì fi ìṣẹ́jú kan àti jù bẹ́ẹ̀ lọ na Evenepoel, ẹni tó ṣe ipò kejì. Lóòótọ́, kẹ̀kẹ́ Evenepoel dà á láàmú lọ́jọ́ náà. Síbẹ̀, òkè lórí òkè ni ọ̀nà ọ̀hún, àwọn 30 péré ló sì parí eré náà.

Filippo Ganna ọmọ Ítálì ńkọ́? Ní ọdún 2022, ó gun kìlómítà 56.792 láàárín wákàtí kan ní pápá Grenchen ní Switzerland, kò sì tíì sí ẹni tó ṣe irú rẹ̀ rí nígbà náà. Ṣùgbọ́n ó wúwo ju 80 kílò lọ, nítorí náà bí ọ̀nà bá ti gun òkè gíga, Jonas Vingegaard ọmọ Denmark, tó wúwo ní nǹkan bí 60 kílò, yóò fi í sílẹ̀. Má sì rò pé ọmọ orí òkè kò lè ṣe ju òkè gígùn lọ. Olókè ni ilẹ̀ Eritrea, síbẹ̀ eré àsáparí, ìyẹn eré àsápajúdé ní ìparí ọ̀nà, ni Biniam Girmay ọmọ ibẹ̀ fi borí lẹ́ẹ̀mẹta nínú Tour de France, eré kẹ̀kẹ́ ńlá ilẹ̀ Faransé, ní ọdún 2024, tó sì gba ẹ̀wù aláwọ̀ ewé, èyí tí wọ́n ń fún ẹni tí máàkì rẹ̀ pọ̀ jù.

Bí a bá fẹ́ fi ọmọ wa wé ẹnikẹ́ni, gíga tó ń gùn láàárín wákàtí kan ni kí a wò. Bí òkè bá ga ní mítà 300, tó sì gùn ún ní ìṣẹ́jú 15, mítà 1,200 ní wákàtí nìyẹn. Àwọn ọ̀gá máa ń kọjá 1,600. Ìṣirò yìí kò béèrè bí ènìyàn ṣe wúwo, òkè ti gbé e wọ̀n fúnra rẹ̀. Mo ti sọ fún un pé kí ó mú aago dání bí ó bá ń gun òkè Ẹ̀fọ̀n, n ó sì fi iye rẹ̀ ránṣẹ́.

Ìwọ náà, kó àwọn àgbàlagbà rẹ lọ sí Valkenburg, kí wọ́n gun òkè Cauberg tó wà níbẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, kí o kọ ìṣẹ́jú olúkúlùkù sílẹ̀ fún mi. Kí ẹnikẹ́ni má fara pamọ́ sẹ́yìn ẹnikẹ́ni o.

Èmi ni ọ̀rẹ́ rẹ tòótọ́,
Adéníyì.