Àbẹ̀kẹ́, lórí ọ̀rọ̀ Ẹ̀rìn-Ìjẹ̀ṣà àti ọmọkùnrin Àkúrẹ́ yẹn

Àbẹ̀kẹ́ mi,

O kú iṣẹ́ Èkó o. Bàbá rẹ kí ọ, ẹsẹ̀ tó ń dùn ún ti ń fúyẹ́ díẹ̀díẹ̀. Mo fẹ́ pè ọ́ ni, mo wá rò ó pé bí mo bá pè, wàá kàn máa rẹ́rìn-ín ni, wàá ní "Màámi, ẹ má ṣèyọnu", ibẹ̀ lọ̀rọ̀ á sì parí sí. Ìwé ni mo kọ, kí o lè tún un kà nígbà tí o bá rẹ́rìn-ín tán.

Lálẹ́ Sọ́ńdè tí o pè wá, mo fara balẹ̀ gbọ́ ọ. O ní ẹ lọ wo omi tó ń já bọ́ láti orí àpáta ní Ẹ̀rìn-Ìjẹ̀ṣà, omi ò sí. O ní bọ́ọ̀sì pẹ́, oúnjẹ tí wọ́n ti gbowó rẹ̀ ò dé, oòrùn ti ń lọ sílé kí ẹ tó dé ẹsẹ̀ òkè. O sáré sọ gbogbo ìyẹn kọjá. Ìgbà tí o wá kan ọmọkùnrin kan tó ti Àkúrẹ́ wá bá yín lẹ́nu ọ̀nà, ohùn rẹ yí padà. Bàbá rẹ tó ń ṣe bí ẹni tó ti sùn lórí àga la ojú kan.

Jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ti omi, torí jọ́gíráfì ni mo fi jẹun títí mo fi fẹ̀yìn tì. Olúmirìn, omi Ẹ̀rìn-Ìjẹ̀ṣà yẹn, ò purọ́ fún ẹnikẹ́ni. Òjò ló ń bọ́ ọ. Láti nǹkan bí oṣù kẹrin títí di oṣù kẹwàá lòjò ń rọ̀ lápá ibẹ̀. Bí ọyẹ́ bá ti dé, omi á bẹ̀rẹ̀ sí í fà sẹ́yìn, tó bá fi máa di oṣù kejì, omi tẹ́ẹ́rẹ́ kan ló máa kù tí á máa yọ́ sàn lára àpáta. Oṣù kejì lẹ lọ, omi oṣù kẹsàn-án lẹ ń wá. Lọ́jọ́ mìíràn tí ẹnikẹ́ni bá fi àwòrán ibi ìgbafẹ́ hàn ọ́, bi í pé oṣù wo ni wọ́n yà á kí o tó fowó ránṣẹ́. Bi í pẹ̀lú pé aago mélòó lẹ máa kúrò ní Èkó, torí ìpele 7 ni ibẹ̀ ní, tòkè pátápátá sì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ilẹ̀ Ẹ̀fọ̀n-Alààyè l'Ékìtì. Ẹni tó bá dé ibẹ̀ nírọ̀lẹ́, ìsàlẹ̀ náà ló máa ti padà. Owó tó ti lọ ti lọ.

Ọmọkùnrin yìí wàyí.

Ohun tó dùn mọ́ mi wà nínú ọ̀rọ̀ rẹ̀. O ní nígbà tí gbogbo yín ń pariwo lé dẹ́rẹ́bà lórí, òun nìkan ló rántí pé ọkùnrin náà ò tíì fẹnu kan nǹkan láti àárọ̀. Ó lọ ra ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ àti ẹ̀pà, dẹ́rẹ́bà ló kọ́kọ́ fún kó tó pín in kiri. O ní bàtà rẹ já lórí òkúta, ó já etí àpò ọ̀rá, ó fi so ó, kò sì di ẹsẹ̀ rẹ mú pẹ́ ju bó ṣe yẹ lọ. (Ìwọ lo sọ ìyẹn fúnra rẹ o, èmi ò bi ọ́.) Ẹni tó bá ṣe bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ tí ebi ń pa òun náà, wọ́n tọ́ ọ nílé. Mo gbà.

Ṣùgbọ́n gbọ́ mi dáadáa. Ẹ̀yin méjèèjì jọ bínú ni. Ẹ jókòó sórí àpáta gbígbẹ, ẹ jọ ń bú àwọn tó gbowó yín, ẹ jọ ń fi ọkùnrin tó gbé kámẹ́rà ńlá wá ṣe yẹ̀yẹ́ pé kò rí omi yà. Kò sí ohun tó ń tètè sọ àjèjì di ọ̀rẹ́ tó kí wọ́n ní ẹnì kan tí wọ́n jọ ń sọ láìdáa. Mo rí i títí nínú yàrá àwa olùkọ́. Olùkọ́ méjì tí wọn ò fẹ́ràn ọ̀gá á máa jẹun nínú abọ́ kan náà. Jẹ́ kí wọ́n gbé ọ̀gá yẹn lọ sí ilé ìwé mìíràn, "ẹ káàárọ̀" nìkan ló máa kù láàárín wọn. Ohun tí mo fẹ́ kí o mọ̀ ni ohun tí ìwọ àti ọmọkùnrin yìí máa máa bá ara yín sọ nígbà tí kò bá sí ẹni tí ẹ máa bú. Pè é lọ́jọ́ kan láàárín ọ̀sẹ̀ tí nǹkan kan ò ṣẹlẹ̀. Ṣé á bi ọ́ nípa iṣẹ́ rẹ, tàbí ọ̀rọ̀ bọ́ọ̀sì àti oúnjẹ náà lẹ máa tún padà sí?

O ní ó ti ń sọ pé kí ẹ̀yin méjèèjì lọ sí Ìkọ̀gòsì l'Ékìtì, pé ìyẹn ò ní já yín kulẹ̀. Ó mọ ohun tó ń sọ. Abẹ́ ilẹ̀ ni omi Ìkọ̀gòsì ti ń sun jáde, ọ̀kan gbóná, ọ̀kan tutù, wọ́n á ṣàn títí wọ́n á fi pàdé, ibi tí wọ́n ti pàdé yẹn gan-an sì làwọn ọ̀dọ́ máa ń dúró sí láti ya fọ́tò. Ọlọgbọ́n ọmọ! Ṣùgbọ́n láti Èkó, o ò lè lọ kí o sì bọ̀ lọ́jọ́ kan náà láìkú sọ́nà, ibẹ̀ sì ní ilé tí àlejò ń sùn. Má lọ. Kì í ṣe pé mo ro ibi sí i, mi ò mọ̀ ọ́n ni, ìwọ náà ò sì tíì mọ̀ ọ́n. Ẹni tó bá fẹ́ rí ọ, kó wọkọ̀ wá sí Èkó. Kó bá ọ ní Sùúrùlérè lẹ́yìn iṣẹ́, nígbà tí gosíloò ti gba gbogbo ẹ̀rín lẹ́nu rẹ. Ẹ jókòó níbi tí èrò wà, kí ẹni tí ẹ jọ ń gbé sì mọ ibẹ̀. O ti rí i lọ́jọ́ tí nǹkan bàjẹ́. Wò ó lọ́jọ́ tí oúnjẹ dé lásìkò tó sì yó, bóyá á ṣì rántí ẹni tó gbé e wá.

Mi ò ní kí o má fẹ́ràn rẹ̀. Bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran ni mo ń sọ.

Èyí tó kàn yìí ò ṣe é fi ṣeré. AS ni jẹ́nótáìpù ẹ̀jẹ̀ rẹ. Bí òun náà bá jẹ́ AS, gbogbo oyún tí ẹ bá ní, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ló ní ìdá kan nínú mẹ́rin láti jẹ́ SS, ìyẹn ọmọ tó ní àìsàn fòníkú-fọ̀ladìde. Kì í ṣe pé bí ọ̀kan bá ti jẹ́ ẹ, àwọn mẹ́ta tó kù ti bọ́. Àwọn AS sì pọ̀ láàárín wa, ní Nàìjíríà yìí wọ́n tó bí ẹnì kan nínú mẹ́rin. O rántí ọmọ tó wà lódìkejì ilé wa, àwọn òru tí egungun bá ń ro ó, tí gbogbo àdúgbò kì í sùn. Bi í nísinsìnyí tí ọ̀rọ̀ náà ṣì jẹ́ ọ̀rọ̀ fóònù. Má gba "mo rò pé AA ni mí" lọ́wọ́ rẹ̀, kó lọ ṣe àyẹ̀wò tuntun níbi tí wọ́n ti mọ iṣẹ́. Bí ojú bá ń tì ọ́, sọ pé màmá rẹ ló fi dandan lé e.

Nígbà tí bàbá rẹ gbọ́ pé Iléṣà nilé bàbá rẹ̀, "Òṣómàáló!" ló kọ́kọ́ jáde lẹ́nu rẹ̀. Ẹ̀yin ò bá ìgbà yẹn. Àwọn oníṣòwò Ìjẹ̀ṣà á gbé aṣọ kiri ìlú, wọ́n á tà á láwìn, bí ọjọ́ owó bá pé, wọ́n á lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà onígbèsè títí yóò fi san án. Ó ní ẹ̀yìnkùlé ni ìyá àgbà òun máa ń gbà sá. Mo ní ìyá àgbà ló jẹ gbèsè, kí ló kan ọmọ ọlọ́mọ? Má dá a lóhùn. Ohun tí èmi fẹ́ gbọ́ ni bó ṣe ń sọ̀rọ̀ ìyá rẹ̀, àti bóyá ó ti níyàwó nílé. Má rẹ́rìn-ín. Ọkùnrin tó ń dá ṣeré ìgbafẹ́ lọ́jọ́ Sátidé, ó yẹ kéèyàn bi í.

Mo ti fi ègúsí àti èlùbọ́ rán dẹ́rẹ́bà tó máa ń bá wa gbé ẹrù. Á dé Ọjọ́ta lọ́jọ́ Sátidé, pè é kó tó di ọ̀sán. Bí àlejò Àkúrẹ́ bá dé, má fi èlùbọ́ mi ṣe é lálejò o. Iyán lọmọ Ìjẹ̀ṣà ń jẹ, kó gbé iṣu tirẹ̀ wá.

Èmi ni,
Ìyá rẹ.