Ẹ fi bọ́ọ̀kì lásán to ìpele géèmù kẹ́ ẹ tó kun ún

Olóòtú wa ọ̀wọ́n,

Ẹ kú iṣẹ́ o. Àwọn ọ̀dọ́ tó bá fẹ́ fi Àgbádárìgì ṣe géèmù, kí ẹni tó ń gbá a lè gun ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ọdún 1845 nì, tàbí kó wọkọ̀ ojú omi sọdá sí erékùṣù Gberefu, ni à ń bá sọ̀rọ̀.

Ayàwòrán máa ń kun ògiri tán kí ẹni tó ń to ìpele (ibi tí a ti ń gbá géèmù) tó mọ ibi tí ilẹ̀kùn máa wà. Bí ọ̀nà bá yí, iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ méjì di òfo. Bọ́ọ̀kì eléérú ni kẹ́ ẹ fi to gbogbo rẹ̀ ná: ògiri, àtẹ̀gùn, igi àgbọn. Ẹ jẹ́ kí ẹni mẹ́ta tí kò mọ̀ nípa rẹ̀ gbá a, kẹ́ ẹ sì panu mọ́. Ibi tí wọ́n bá ti sọnù, ọ̀dà kò lè tún un ṣe.

Ìwọ̀n ńkọ́? Ẹyọ 1 nínú Unity (ètò tí a fi ń ṣe géèmù) àti Blender (ètò tí a fi ń ya ohun inú rẹ̀) jẹ́ mítà 1. Ti Unreal, ètò géèmù mìíràn, sẹ̀ǹtímítà 1 ni. Ẹ gbé bọ́ọ̀kì tó ga ní mítà 1.8, bí ènìyàn, sẹ́gbẹ̀ẹ́ ohun gbogbo tí ẹ bá ń yà. Ní Blender, ẹ tẹ Ctrl+A, kẹ́ ẹ yan Scale (ìwọ̀n), kẹ́ ẹ tó gbé e jáde. Z ni Blender mú ṣe òkè, Y ni ti Unity. Nítorí náà, ọkọ̀ ojú omi lè jókòó jẹ́ẹ́ títí kóòdù á fi dá rotation (bí a ṣe yí i) rẹ̀ padà sí 0, ló bá nàró bí òpó iná. Pivot ilẹ̀kùn, ìyẹn ojú ibi tó ti ń yí, ẹ̀gbẹ́ tó so mọ́ férémù ni; bó bá wà láàárín, ilẹ̀kùn á máa yí bíi fáànù.

Texture (àwòrán tí a fi ń bo ara nǹkan) 2048 × 2048 tí a kò fún pọ̀ ń gba 16 MB nínú mẹ́mórì. 512 × 512 kò ju 1 MB lọ. Agbọ̀n ẹja tó wà ní kọ̀rọ̀, 512 ti pọ̀ fún un.

Unity kì í fi orúkọ mọ fáìlì, nọ́ńbà inú fáìlì .meta, fáìlì kékeré tí Unity ń ṣe sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ló fi ń mọ̀ ọ́n. Ẹni tó bá gbé material (fáìlì tó ń sọ bí ara nǹkan ṣe máa rí) lọ sí fódà mìíràn láìgbé .meta tẹ̀lé e, òun ló sọ ògiri gbogbo yín di píǹkì. Inú Unity fúnra rẹ̀ ni kẹ́ ẹ ti máa gbé fáìlì kiri, kẹ́ ẹ sì máa fi .meta sínú Git (ètò tó ń pa iṣẹ́ ẹni púpọ̀ mọ́, tó sì ń so ó pọ̀).

Èyí tí ọ̀pọ̀ kì í ṣe, tó sì dùn jù: ẹ sọ bọ́ọ̀kì kọ̀ọ̀kan di prefab (àwòṣe tí gbogbo ẹ̀dà rẹ̀ ń tẹ̀lé) láti ọjọ́ kìíní. Bí àwòrán ilẹ̀kùn bá parí, inú prefab ni ayàwòrán á ti pààrọ̀ rẹ̀. Gbogbo ilẹ̀kùn inú ìpele á yí padà, kò sì ní fọwọ́ kan scene (fáìlì ìpele) tí ẹnìkejì ń tò lọ́wọ́. Ẹni méjì tó bá jọ tún scene kan ṣe pọ̀, agbára káká ni Git fi máa so ó pọ̀. Kí bọ́ọ̀kì àti àwòrán ṣáà dọ́gba ní ìwọ̀n àti ní pivot.

Àwa òǹkàwé yín,
Àgbádárìgì.