Àbẹ̀kẹ́, Ta Ló Ya Aṣọ Yẹn?

Ìtòkú, Abẹ́òkúta

Àbẹ̀kẹ́ mi,

Ọjọ́ kẹsàn-án rèé tí mo ti ń pè ọ́ tí o kò gbé e. Bó bá jẹ́ owó aṣọ mẹ́fà tó wà lọ́wọ́ rẹ ló ń tì ọ́ lójú, èmi ò tíì bèèrè rẹ̀. Orúnkún bàbá rẹ ṣì ń dùn ún. Ewúrẹ́ ti bí, méjì ni. Òrùlé ilé ìdáná ń jò.

Ohun tó mú mi kọ̀wé ni èyí. Àbúrò rẹ gbé fóònù rẹ̀ wá bá mi lálẹ́ àná, ó fi aṣọ àdìrẹ kan tí o gbé sórí Instagram hàn mí. O kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé ìyá rẹ ló fi ìyẹ́ adìyẹ ya á. Àbẹ̀kẹ́, èmi kọ́ ni mo ya aṣọ yẹn. Aṣọ ẹ̀rọ ni. Ẹyẹ inú rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin dọ́gba, ìrù kan ò gùn ju ìkejì lọ. Ọwọ́ èèyàn kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ṣé ìwọ lo kọ ọ́, àbí ọmọ tó ń bá ọ ṣiṣẹ́?

Mo mọ ohun tó ń lé ọ. Aṣọ ẹ̀rọ tó ń ti Ṣáínà wá ti kún Ìtòkú níbí pàápàá, kò sì sí bí a ṣe lè bá a du iye owó. Ìtàn ló kù tí a fi lè ta tiwa, o sì gbọ́n tí o tètè rí i. Ohun tó dùn mí ni pé ìtàn gidi wà nílé, o lọ yá irọ́ lò.

Gbé aṣọ Ìbàdàndùn tí mo fi ránṣẹ́ lóṣù tó kọjá jáde. Má fi "a dá ilé iṣẹ́ wa sílẹ̀" bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀. Oníbàárà ò tíì mọ̀ ọ́, kí ló kàn án? Fi ìka sórí ohun tó ń wò. Àwọn òpó yìí, òpó Gbọ̀ngàn Mápó ní Ìbàdàn ni, èyí tí wọ́n ṣí ní 1929. Ṣíbí ló wà láàárín wọn. Àwọn aláró ló sọ aṣọ náà ní Ìbàdàndùn, pé ìlú yẹn dùn. Bí ọba Gẹ̀ẹ́sì ṣe pé ọdún 25 lórí oyè ní 1935 náà ni wọ́n ya òun àti ayaba sórí aṣọ, tí a ń pè é ní Olóba títí dòní. Aṣọ kan, ìtàn kan. Bí o bá kó mẹ́ta pọ̀ lẹ́ẹ̀kan, oníbàárà ò ní rántí ọ̀kankan láti sọ fún ọ̀rẹ́ rẹ̀, ẹnu ọ̀rẹ́ sì ni ọjà ti ń tà.

Lẹ́yìn náà, yí aṣọ padà. Ojú kan la máa ń kun ẹ̀kọ tí kì í jẹ́ kí aró wọlé sí, torí náà ẹ̀yìn ẹlẹ́kọ, àdìrẹ tí a fi ẹ̀kọ yà, máa ń dúdú ju iwájú lọ, àwòrán ibẹ̀ kì í sì í hàn kedere. Ọ̀pọ̀ aṣọ tí ẹ̀rọ tẹ̀ ni ẹ̀yìn wọn ń funfun. Jẹ́ kí oníbàárà fọwọ́ ara rẹ̀ yí i. Ohun tó bá fojú ara rẹ̀ rí, ẹnikẹ́ni ò ní lè já a ní koro mọ́ ọn lẹ́nu.

Bí o bá fẹ́ ya fídíò, wá sílé kí o wá yà á lẹ́bàá ìkòkò aró. Aṣọ tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nínú aró máa ń ní àwọ̀ ewé. Atẹ́gùn ló ń sọ ọ́ di búlúù, lójú ẹni báyìí. Ìṣẹ́jú kan tó. Má fi orin bò ó. Lẹ́yìn ìyẹn ni kí o wá sọ iṣẹ́ inú rẹ̀: láfún àti álọ́mù tí a fi ń se ẹ̀kọ, pé bó bá ṣàn jù á dà kọjá ìlà, bó bá ki jù á sán, aró á sì gba ibẹ̀ wọlé; pé a ń rì í, a ń sá a, a tún ń rì í. Ìgbà tí wọ́n bá ti rí gbogbo rẹ̀ ni kí o dárúkọ owó. Bí owó bá ṣáájú, owó nìkan ni wọ́n máa gbọ́.

Sọ àléébù rẹ̀ náà. Àwọ̀ rẹ̀ á ṣí díẹ̀ nígbà tí wọ́n bá kọ́kọ́ fọ̀ ọ́. Kí wọ́n dá a fọ̀ nínú omi tútù, kí wọ́n sá a síbi òjìji. Bí o bá sọ ọ́ ṣáájú, ìmọ̀ràn ni. Bí wọ́n bá fojú ara wọn rí i, o ti di olè.

Ta ló ya aṣọ yẹn, Àbẹ̀kẹ́?

Ní àwọn ọdún 1920, àwọn oníṣòwò láti Sẹ̀nẹ̀gàl ń wá ra àdìrẹ l'Ábẹ́òkúta níbí. Nígbà tó di àwọn ọdún 1930, kọ́sítíìkì, sódà líle tí wọ́n ń dà sínú aró, àti aró òyìnbó ti gbilẹ̀, àwọn oníbàárà ń ráhùn pé aṣọ ń tètè gbó, Aláké Ládàpọ̀ Adémọ́lá sì fòfin de méjèèjì. Ẹni tí kò fọwọ́ kan kọ́sítíìkì rí náà jẹ nínú ìyà yẹn, torí orúkọ kan náà ni aṣọ gbogbo wọn ń jẹ́ lẹ́nu oníbàárà.

Èmi náà ti ṣe é rí. Obìnrin ará Gánà kan bi mí bóyá ewé ẹ̀lú ni mo fi pa aṣọ láró. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Irọ́ ni, aró òyìnbó inú ike ni. Aṣọ yẹn dára, kò ṣí, kò fà ya. Ṣùgbọ́n obìnrin náà gbé ọ̀rọ̀ mi lọ sọ fún oníbàárà tirẹ̀, ẹnìkan tó mọ ẹ̀lú wà láàárín wọn. Kò padà wá mọ́. Mo kọ́ ọ bí a ṣe ń se ẹ̀kọ, mo kọ́ ọ bí a ṣe ń fi ìko di aṣọ, n kò kọ́ ọ ní ohun tí a ń sọ nígbà tí oníbàárà bá béèrè. Ojú ló ń tì mí. Ẹ̀bi tèmi wà ńbẹ̀, ọmọ mi.

Aṣọ ẹ̀rọ kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé ẹ̀rọ ló tẹ̀ ẹ́, tà á ní iye tirẹ̀. Ọmọ iṣẹ́ rẹ náà, má ka òfin fún un. Mú aṣọ kan tí ẹ̀kọ rẹ̀ ṣàn hàn án, kí o sọ ìdí tí o kò fi tà á. Tí o bá sì ń lọ tọrọ owó lọ́wọ́ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù, fi ti Mápó sílẹ̀. Iye aṣọ tí o tà lóṣù, èrè orí ọ̀kọ̀ọ̀kan, iye àwọn tó padà wá rà lẹ́ẹ̀kejì: ìtàn tí wọ́n fẹ́ gbọ́ nìyẹn.

Mo fi aṣọ méjì rán awakọ̀ sí ọ, pẹ̀lú gààrí díẹ̀. Ìyàwó àbúrò bàbá rẹ ló ya ọ̀kan, èmi ni mo ya èkejì, mo ti so orúkọ mọ́ etí wọn kí o má baà ṣì í kọ. Yọ èyí tó wà lórí Instagram kúrò lónìí. Kí o sì gbé fóònù rẹ.

Ìyá rẹ.