Ọ̀sán gangan tó ṣú mọ́ mi lójú

Mọ́kọ́lá, Ìbàdàn.

Escanor òru, ọ̀rẹ́ mi,

Báwo ni òtútù Leeds? Ṣé o ti sanra díẹ̀, àbí o ṣì tẹ́ẹ́rẹ́ bíi ti ìgbà tí a sọ ẹ́ lórúkọ yìí? Màmá mi ní kí n kí ẹ. Wọ́n ní o ò pe àwọn mọ́.

O kìlọ̀ fún mi nípa apá kẹta The Seven Deadly Sins, eré àwòrán Japan yẹn, mo ní o ń ṣe àṣejù. Mo jẹ̀bi. Mo wò ó tán lọ́sẹ̀ tó kọjá, gbogbo ìpín 24.

Ṣé o rántí apá kejì, lọ́dún 2018, nígbà tí Galand, ẹ̀mí èṣù yẹn, bá Escanor, akọni tí agbára rẹ̀ ń pọ̀ bí oòrùn ṣe ń gòkè, ta tẹ́tẹ́ pé ẹni kankan ò gbọdọ̀ sá? Ilẹ̀ ń mọ́ bọ̀, ọkùnrin tín-ín-rín onígò lójú yẹn bẹ̀rẹ̀ sí í wú bí àkàrà nínú epo gbígbóná. Galand ló kọ́kọ́ fẹsẹ̀ fẹ́ ẹ, òfin tirẹ̀ tó máa ń sọ òpùrọ́ di òkúta sì mú òun alára. O fò sókè lórí bẹ́ẹ̀dì títí pátákó ẹ̀ fi ṣẹ́. Kéréètì mínírà la fi gbé e ró títí a fi jáde ní yunifásítì.

Láti ìgbà yẹn ni mo ti ń dúró de ìjà Escanor àti Meliodas, ọ̀gá àwọn akọni náà. Ọ̀sán gangan, ìṣẹ́jú kan péré tí kò sí ẹni tó lè kò ó lójú! Mo ti kà á nínú ìwé àwòrán Nakaba Suzuki, mo mọ ibi tó máa já sí. Mo kàn fẹ́ rí i kó máa rìn ni. Ọ̀rẹ́, kò rìn. Ṣe ni wọ́n ń fa àwòrán kan náà sọ́tùn-ún sósì. Ojú Meliodas dà bí èyí tí àbúrò mi yà sẹ́yìn ìwé ìṣirò. Ẹ̀ṣẹ́ ń balẹ̀, kò ta mí lára. Nígbà tí wọ́n sì kọ́kọ́ gbé e sórí tẹlifíṣọ̀n ní Japan, ẹ̀jẹ̀ funfun ló ń jáde lára wọn, bí omi ògì!

Ilé iṣẹ́ A-1 Pictures ló ṣe apá kìíní àti ìkejì. Ní 2019, ó bọ́ sọ́wọ́ Studio Deen. Ká ní ìtàn ló burú ni, mi ò bá ti gbàgbé. Àrán gidi ni aṣọ náà, àmọ́ bí ẹni pé òru tí òde máa mọ́ ni wọ́n rán an.

Ohùn nìkan ló tù mí nínú. Tomokazu Sugita ṣì ló ń fi ohùn ṣe Escanor. Mo dijú, mo tún ìjà náà gbọ́ bí ẹni ń gbọ́ rédíò, ó sì dùn ju bí mo ṣe wò ó lọ.

O ní o rí ìwé náà rà níbẹ̀. Tó o bá ń bọ̀ ní Kérésì, gbé e dání. Èmi á ka ti Meliodas, ìwọ á ka ti Escanor. Mo ti ra bẹ́ẹ̀dì tuntun. Irin ni.

Èmi ni tìrẹ,
Hawk